Ìmìtìtì Ilẹ̀ Tó Ń Sinmi Lọ́jọ́ Ìsinmi

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀, tí ẹ béèrè ilé Olúbọ̀wálé, ẹ máa pẹ́ níta. Orúkọ yẹn nìkan ti kéré jù fún ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ béèrè Ẹnjiníà Olúbọ̀wálé, Dókítà-Ń-Bọ̀-Lọ́nà, Ọ̀gá Àwọn Tó Mọ Inú Ilẹ̀, wọn á mú yín dé ẹnu géètì.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àwọn oyè náà sórí káàdì tó ń pín kiri. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí Dókítà ti ń bọ̀ lọ́nà. Ìyàwó rẹ̀, Lucy, tó jẹ́ tíṣà ní Mafoluku, máa ń sọ pé bóyá ẹsẹ̀ ni Dókítà náà fi ń rìn.

Èèyàn kúkurú ni Ẹnjiníà, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó dé. Kì í sọ pé "mo rò pé". "Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ pé" ni tirẹ̀. Bí òjò bá ṣú, tí adìyẹ pàápàá ti sá wọ abẹ́ ọkọ̀, Ẹnjiníà á gbójú sókè, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á ní, "Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ pé òjò fẹ́ rọ̀." Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹnjiníà wa kò gun ẹṣin. Ilẹ̀ gan-an ló gùn, ìdí nìyẹn tí ibi tó máa jábọ́ sí fi ṣòroó mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àjọ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ ń wá ilẹ̀ tí wọ́n lè kọ́ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà sí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fojú lásán yan ilẹ̀ fún. Ilé mìíràn, bó bá wó, a ó kó àwókù rẹ̀ dànù, a ó tún un kọ́. Èyí tí núkílíà wà nínú rẹ̀, bí ilẹ̀ bá mì ín débi pé ó ya, oró inú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, á bá omi lọ, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí á pín nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó po sìmẹ́ńtì rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ti mì rí, bóyá ó lè mì, àti bí ó ṣe lè le tó. Kì í sì í ṣe ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń wò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún ni.

Àbúlé kan tó ń jẹ́ Igbó Ọ̀dán ni wọ́n fojú sí. A kò ní sọ ìpínlẹ̀ tó wà, torí àwọn ará ibẹ̀ ti gba àlejò tó. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni láti Èkó. Wọ́n ní kí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, kí ó rì í mọ́lẹ̀, kí ó sì dúró tì í fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rọ náà kò ju ìkòkò ọbẹ̀ kékeré lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti ayálégbé tó ń gbọ́ ìjà lọ́kọláya ní yàrá kejì. Bí ewúrẹ́ bá fo kòtò, á gbọ́. Ohunkóhun tó bá gbọ́, ó ń fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àjọ náà. Ẹnjiníà ló sọ ọ́ ní "afetísílẹ̀", torí pé inú ilẹ̀ ni etí rẹ̀ wà lóòótọ́. A ò ní purọ́ mọ́ ọn, orúkọ yẹn dára.

Bí Ẹnjiníà ṣe rí iṣẹ́ náà gbà, káàdì yẹn náà ni. Wọ́n fún un ní ọkọ̀ Hilux, àgọ́, jẹnẹrétọ̀, owó oúnjẹ, títí kan owó ẹ̀fọn, torí pé ẹ̀fọn pọ̀ nínú igbó. Ó gba gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ lọ sí Mafoluku, ó ń kó ẹrù àwọn tó bá sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Jẹnẹrétọ̀ lọ sídìí fírísà Lucy. Àgọ́ lọ sí ọwọ́ ẹni tó ń fi nǹkan háyà. Ẹ̀fọn nìkan ni kò gbà.

Afetísílẹ̀ ńkọ́? Ẹnjiníà gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, ó sọ ọ́ síbẹ̀, ó fi ọmọrí kọnkéré bò ó.

Lucy jáde pẹ̀lú agbada lọ́wọ́. "Bàbá Tẹ́ní, kí lẹ̀ ń rì síbẹ̀ yẹn?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ni ìjọba rí?"

"Lucy, gbogbo ilẹ̀ ló so pọ̀ nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tí o dúró sí yìí ló lọ títí tó fi dé Igbó Ọ̀dán. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í dúró lórí àdírẹ́sì."

Lucy gbé agbada rẹ̀ padà wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí sórí ọmọrí náà, ó jókòó, ó ń já ẹ̀fọ́.

Ohun kan wà tí Ẹnjiníà gbàgbé. Lódì kejì ọgbà rẹ̀ ni Ìyá Diamond ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Obìnrin Èkìtì ni, díákónẹ́ẹ̀sì ní ìjọ wọn, apá rẹ̀ le bí apá alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀rọ tó fi ń ki yanrìn àti sìmẹ́ńtì mọ́ inú fọ́ọ̀mù, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kọ́ọ̀pù inú kọ́bọ́ọ̀dù Ẹnjiníà á máa jó. Nígbà tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ kó débẹ̀, ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí káńsù nítorí ariwo náà. Káńsù kò dá a lóhùn. Nígbà tó di ọdún kẹjọ, etí rẹ̀ ti mọ́ ọn, kò gbọ́ ọ mọ́ rárá.

Afetísílẹ̀ kò tíì gbé ibẹ̀ tó ọdún mẹ́jọ. Ó gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láolúwa, ọ̀gá àgbà ní àjọ náà, pè é lórí fóònù.

"Ẹnjiníà, ibo lẹ wà báyìí?"

Ẹnjiníà wo àwo ìrẹsì àti dòdò tó wà níwájú rẹ̀. "Inú igbó ni, sà."

"Ṣé kò sí nǹkan kan tó ṣe yín? Ẹ̀rọ tí ẹ rì sọ fún wa pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì. Lójoojúmọ́ ni."

Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ Ìyá Diamond wúkọ́, tí kọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ ijó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, Ẹnjiníà gbọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé e kedere. Ó sì la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Ká ní ó bẹ̀bẹ̀ nígbà náà ni, bóyá wọn ì bá bá a wí, kí wọ́n sì gba Hilux wọn, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà kò tíì dákẹ́.

"Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí lórílẹ̀-èdè yìí," ó ní. "Àwọn oníròyìn á fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣàwárí rẹ̀."

"Àwọn oníròyìn, sà?"

"Tẹlifíṣọ̀n pàápàá."

Ẹnjiníà gbé ìrẹsì ẹnu rẹ̀ mì. "Mo ti ń fura tipẹ́, sà," ó ní. "Láàárọ̀ yìí, ó gbé mi ṣubú lórí àpótí."

Bí ìsẹ̀lẹ̀ ṣe di ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ohùn Ẹnjiníà fi gba rédíò kan. Ó ní ilẹ̀ Igbó Ọ̀dán ti là nísàlẹ̀, pé ìlà náà gùn ju odò lọ, àti pé nínú ìwé ìmọ̀, Ìlà Olúbọ̀wálé ni wọn yóò máa pè é. Ó rán kóòtù tuntun mẹ́ta. Ó tẹ káàdì tuntun, ó fi oyè kan kún un: Ẹni Tí Ilẹ̀ Ń Bá Sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúrò ní àga ẹ̀yìn tó ti ń jókòó láti ọjọ́ tó ti dé Ìsọlọ̀, ó lọ jókòó níwájú, ó sì ń wo pásítọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a tún ìwàásù ṣe.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ lórí rédíò, ibì kan ló ń balẹ̀ sí. Èyí balẹ̀ sí Igbó Ọ̀dán. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé lẹ́tà lọ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbin nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé, pé wọ́n máa kó gbogbo wọn kúrò lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n ti ilé ìwé pa, kí òrùlé má baà wó lu àwọn ọmọ. Àwọn arúgbó gbé bẹ́ẹ̀dì síta gbangba. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, èkejì rọ̀, iṣu tó yẹ kí wọ́n gbìn ń hù nínú abà. Àwọn ará àbúlé ń wo ilẹ̀, ilẹ̀ náà ń wò wọ́n, kò mì. Nígbà tó sú wọn, wọ́n rán Màmá Àjíbíkẹ́, ìyálóde àwọn obìnrin àgbẹ̀ ibẹ̀, sí Èkó pé kí ó lọ béèrè ohun tó ń mì lábẹ́ àwọn tí àwọn kò gbọ́.

Kí màmá tó dé ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ Ìyá Diamond jóná.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sí ìró. Ọ̀gá àgbà tún pè. "Ẹnjiníà, ilẹ̀ ti dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan níbí ti ń sọ pé bóyá a kàn ṣì í gbọ́ ni. Ìpàdé ńlá tí a fẹ́ ṣe fún yín ní Oshodi, ká sún un síwájú ná."

Ẹnjiníà kò lè gbé e mì. Ó ti rí ara rẹ̀ lórí pèpéle ìpàdé náà, nínú kóòtù kẹta. Ó sáré lọ sídìí ọgbà.

"Ìyá Diamond, ẹ káàárọ̀ o. A ò gbọ́ yín mọ́."

"Ẹ̀rọ ló bàjẹ́, Ẹnjiníà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jó. Mo mọ̀ pé inú yín á dùn, ariwo dínkù."

"Inú mi dùn kẹ̀? Àdúgbò ò dùn mọ́."

Ìyá Diamond wò ó títí. Ó rántí lẹ́tà mẹ́ta. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Ẹnjiníà ti ní òun máa ra ẹ́ńjìnnì tuntun fún un, òun á sì fi odidi ẹ̀rọ kejì kún un. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun ń fẹ́ ni kí wọ́n jọ máa lo méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ilẹ̀ dákẹ́. Ìyá Diamond kúnlẹ̀ nínú yanrìn. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kọ orúkọ Ẹnjiníà sínú ìwé àdúrà ìjọ, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Afetísílẹ̀ wá gbọ́ ìlọ́po méjì. Ẹnjiníà padà sórí rédíò, ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí ìròyìn ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀ ló dé etí Dókítà Dúpẹ́olúwa. Ọmọ tíṣà ni, láti Oǹdó, ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní àwọn ìlú tí ilẹ̀ ti ń mì lóòótọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé núkílíà sórí ẹsẹ̀ tó lè bá ilẹ̀ jó kó má baà wó. Dókítà tirẹ̀ ti dé, kò sí lọ́nà. Àjọ náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá bá wọn wo ìwé tí afetísílẹ̀ kọ. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta kà á. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí wọ́n ṣe ìpàdé Oshodi náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde ni ìpàdé náà bọ́ sí. Gbọ̀ngàn kún. Kámẹ́rà méjì wà níwájú. Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àbọ̀, ó fi ọwọ́ ṣe bí ilẹ̀ ṣe ń là, ó fi ìdí ṣe bó ṣe ń mì.

"Ọgọ́rùn-ún ọjọ́," ó ní, "ni mo fi sùn lórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ̀fọn jẹ mí. Ejò kí mi. N kò sá."

Màmá Àjíbíkẹ́ dìde láti ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹnjiníà, apá ibo lẹ sùn sí? A ò rí yín."

"Lẹ́yìn odò ni, màmá."

"Odò wo? A ò ní odò. Kànga la ní."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹnjiníà dúró kí ẹ̀rín tán. "Abẹ́ ilẹ̀ ni odò náà wà, màmá. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló ń rí i."

"A ò sì gbọ́ kí ilẹ̀ mì."

"Ẹni tí nǹkan bá ti mọ́ lára kì í gbọ́ ọ mọ́, màmá." Òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Dókítà Dúpẹ́olúwa wá gbé ọwọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní. Kí ló dé tí ìmìtìtì ilẹ̀ yín fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ géérégé?"

"Oòrùn ló ń yọ sí i, ilẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í na ara."

"Kí ló dé tó fi ń dúró láti aago kan sí aago méjì ọ̀sán?"

"Oòrùn ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn."

"Ọjọ́ Sọ́ńdè ńkọ́? Kò mì lọ́jọ́ Sọ́ńdè kankan. Àjíǹde tó kọjá yìí, láti Fúráìdé títí di Mọ́ńdè, kò mì rárá."

Ẹnjiníà fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀. "Dókítà," ó ní pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, "Ọlọ́run kan náà ló dá ilẹ̀."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ ṣe àmín.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí ẹ̀rọ náà wà."

"Ó jìnnà, Dókítà. Ọjọ́ kan gbáko ni, ọ̀nà sì ti bàjẹ́."

"Ẹ̀rọ náà máa ń sọ ibi tó wà nígbàkígbà tó bá ránṣẹ́, kò kàn sẹ́ni tó wò ó rí ni. Mo ti gbé e sórí fóònù mi. Ọkọ̀ wà níta."

Ẹnjiníà kò mọ̀ pé afetísílẹ̀ ní ẹnu tó fi ń sọ àdírẹ́sì. Wọ́n fi í sí àárín ní àga ẹ̀yìn, Màmá Àjíbíkẹ́ lápá òsì, Dókítà lápá ọ̀tún. Ọ̀gá àgbà jókòó síwájú. Àwọn oníròyìn tẹ̀ lé wọn nínú bọ́ọ̀sì tiwọn.

Ó ń gbàdúrà pé kí fóònù náà kú. Fóònù kò kú. Ohùn obìnrin inú rẹ̀ ní kí awakọ̀ yà, awakọ̀ yà.

"Ọ̀nà ìrìn àjò kọ́ lèyí," Ẹnjiníà wí. "Ìsọlọ̀ lẹ̀ ń lọ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Dókítà dáhùn.

"Fóònù òyìnbó yẹn kò mọ ilẹ̀ wa."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Nígbà tí wọ́n yà wọ Ìsọlọ̀, Ẹnjiníà ní inú ń run òun. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀kalẹ̀ lọ rí dókítà. Ọ̀gá àgbà ní dókítà ló jókòó tì í yẹn. Màmá Àjíbíkẹ́ fún un ní orógbó láti inú àpò rẹ̀, ó ní kó rún un, á dáa fún inú. Ó ń rún un, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n wọ àdúgbò. Ọkùnrin kan tó ń tún táyà ṣe dìde, ó ju ọwọ́ sókè. "Ẹnjiníà, ẹ káàbọ̀ o."

Ọ̀gá àgbà yíjú padà. "Wọ́n mọ̀ yín níbí?"

"Wọ́n máa ń rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n, sà."

Fóònù ní wọ́n ti dé. Ẹnu géètì Ẹnjiníà ni ọkọ̀ dúró sí.

Ilé ìwé ti gba ìsinmi, Lucy wà nílé. Ó ṣí géètì, ó kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ káàbọ̀ o. Bàbá Tẹ́ní, ẹ ò sọ pé ẹ ń mú àlejò bọ̀."

Ọ̀gá àgbà wo ilé, ó wo Ẹnjiníà. "Madam, ilé ta nìyí?"

"Ilé wa ni, sà."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Dókítà wí, "ìgbà wo ni Ẹnjiníà ti Igbó Ọ̀dán dé?"

"Igbó wo? Bàbá Tẹ́ní kò kọjá ibùdókọ̀ Cele láti oṣù kìn-ín-ní. Ẹ wo ikùn rẹ̀."

Kámẹ́rà wo ikùn rẹ̀.

Fóònù kò tíì jáwọ́. Ó mú wọn gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Àpótí Lucy wà lórí ọmọrí kọnkéré, abọ́ omi ẹ̀fọ́ wà lórí àpótí. Dókítà rọra gbé wọn sílẹ̀, ó ṣí kòtò náà, afetísílẹ̀ wà níbẹ̀, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Ẹnjiníà rí i pé ilẹ̀ kò mì, ọkàn rẹ̀ padà bọ̀ díẹ̀. "Mo gbé e wá fún àtúnṣe láàárọ̀ yìí ni," ó ní. "Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀. Ṣé ó mì? Kò mì. Ti Igbó Ọ̀dán ló ń mì."

Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjì lù. Ẹ jẹ́ ká dúró."

Wọ́n dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rin pọ̀ lórí ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ń wo ọgbà bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà iyàrá iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tí aago méjì lù, ẹ̀rọ kan wúkọ́ lódì kejì, ìkejì dá a lóhùn, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Omi abọ́ ẹ̀fọ́ ń gbọ̀n. Kọ́ọ̀pù ń jó nínú ilé. Màmá Àjíbíkẹ́ di ògiri mú. Ọ̀gá àgbà di Màmá Àjíbíkẹ́ mú.

Ìyá Diamond ti gbọ́ ohùn èrò. Ó gun orí búlọ́ọ̀kù, orí rẹ̀ yọ lókè ọgbà. Ó rí kámẹ́rà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé nítorí Ẹnjiníà ni? Ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́rìí." Ó kígbe kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró, kí wọ́n lè gbọ́ òun dáadáa. Ilẹ̀ dákẹ́. "Ẹ wo ọkùnrin yìí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì mi jó, òun ló ra òmíràn. Ó fi ẹ̀rọ kejì kún un, mi ò tọrọ rẹ̀. Ó ní, 'Ìyá Diamond, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ dákẹ́.' Mo ní ilẹ̀ kò ní dákẹ́ lọ́lá Ọlọ́run."

Ẹnjiníà ń ṣẹ́jú sí i, ó ń mi orí. Ìyá Diamond rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. "Ẹ má mi orí, Ẹnjiníà. Oore kì í farasin."

"Ẹ ṣé é, mà," ni Dókítà wí. "Ọjọ́ Sọ́ńdè ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń ṣiṣẹ́?"

"Sọ́ńdè kẹ̀? Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí."

"Aago kan sí aago méjì?"

"Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ mi ò ní jẹun ni?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó kọjá sí àwọn oníròyìn. Ẹni tó gbé kámẹ́rà rẹ́rìn-ín débi pé àwòrán tó yà ń mì. Èrò ti kún ẹnu géètì. Ẹni tó ń tún táyà ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn: ìmìtìtì ilẹ̀ ti lọ jẹun, ó sì ti dé. Lucy kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó gbé abọ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Dókítà pàápàá kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹnjiníà, ẹ gbọ́. Bí ilẹ̀ Igbó Ọ̀dán bá dákẹ́ lóòótọ́, ẹ ti dá àwọn èèyàn dúró lórí oko wọn lásán. Bí kò bá sì dákẹ́, a kò mọ̀, torí kò sí ẹni tó lọ fetí sí i. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ fetí sí i. Lọ́jọ́ mìíràn, irú ìwé báyìí á ní ilẹ̀ kò mì, ẹnì kan á gbà á gbọ́, á kọ́lé sórí rẹ̀, á fi iná núkílíà sínú rẹ̀."

Ẹnjiníà wo ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà ti bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì gbójú sókè. Òun náà ti fọwọ́ sí lẹ́tà tó lọ sí Igbó Ọ̀dán, kò sì béèrè ìbéèrè kankan kó tó fọwọ́ sí i.

Màmá Àjíbíkẹ́ ló wá sún mọ́ Ẹnjiníà. "Nítorí náà, o ò dé ilẹ̀ wa rí." Gbogbo èèyàn gbọ́ pé "ẹ" ti já bọ́ lẹ́nu màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi kọ́ ni màá lọ sọ ọ́ fún wọn. Wọn ò ní gbà mí gbọ́, torí rédíò ló sọ tìrẹ. Ìwọ lo máa fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gbé e. Àjọ náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba Hilux, wọ́n ní kó wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀gá àgbà náà gba lẹ́tà ìbáwí tirẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ìyá Diamond. Dókítà ní iṣẹ́ obìnrin náà nìkan ni iṣẹ́ gidi tí òun rí ní àdúgbò náà.

Fúráìdé, Lucy di báàgì kékeré fún ọkọ rẹ̀, ó gbé e síta. Kò fi kóòtù kankan sí i. Ẹnjiníà bá ọkọ̀ Dókítà lọ sí Igbó Ọ̀dán, afetísílẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ìrìn náà kò ní pẹ́. Ó pẹ́. Ọ̀nà náà bàjẹ́ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ láìmọ̀.

Gbogbo àbúlé péjọ síwájú ilé ìwé tí wọ́n tì pa. Ẹnjiníà dìde, ó tún ọ̀fun ṣe. "Ẹ̀yin èèyàn mi ọ̀wọ́n," ó bẹ̀rẹ̀.

"A kì í ṣe èèyàn rẹ," ni Màmá Àjíbíkẹ́ wí. "Sọ ohun tí o wá sọ."

Ó wò yíká. Kò sí kámẹ́rà, kò sì rí ibi tí á fi ọwọ́ sí. "Mo purọ́," ó ní. "N kò wá síbí rí. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ni mo gbọ́."

Bàbá arúgbó kan fọwọ́ sí etí lẹ́yìn. "Kí ló wí?"

Ó tún un sọ sókè. Wọ́n ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, torí àwọn tó wà lókè àgbàlá kò gbọ́. Nígbà tó fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọdé ti mọ̀ ọ́n sórí.

Dókítà wá sọ tirẹ̀. Ó ní àwọn máa ri ẹ̀rọ náà sí ibi tó yẹ kó wà, òun kò sì lè sọ lónìí ohun tí yóò gbọ́. Ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ti kúrò nílẹ̀, kí wọ́n lọ gbin iṣu wọn.

Wọ́n kó ọkọ́ jáde. Màmá Àjíbíkẹ́ mú ọ̀kan, ó fi lé Ẹnjiníà lọ́wọ́. Ó ní òjò méjì ti kọjá lórí oko òun.

Ó kọ ebè. Ìkíní rí págunpàgun bí orí òkú ewúrẹ́, wọ́n ní kó tú u. Kó tó dé ìkẹwàá, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Àwọn ọmọ tó jókòó sábẹ́ igi kò bu omi fún un, wọn ò sì dá a lára yá, wọ́n kàn ń wò ó. Nígbà tó parí poro kejì, ó fi ìdí lélẹ̀, ó ń mí bí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ jó.

Màmá Àjíbíkẹ́ gbé omi wá fún un nínú kọ́ọ̀pù. Ó dúró kí ó mu ún tán. Ó gba kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀ tó kù.

"Dìde, kí o máa kọ ọ́ lọ," ó ní. "Kò ní mì."